Fọ́tò Tó Jẹ́rìí Fún Ẹyẹ Tí Wọ́n Ti Kà Sí Òkú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè ọmọdé kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa àti àwọn ọmọ wa wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Èkó. Bí ọkọ̀ ti ń sáré lórí ọ̀sà, àwọn ẹyẹ funfun kéékèèké kan ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọn a dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà wọn a já sínú omi bí òkúta, wọn a sì gbé ẹja wẹ́wẹ́ jáde. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n ní kí a ya àwọn ẹyẹ náà ní fọ́tò. A gbé kámẹ́rà jáde, a tẹ̀ ẹ́, a tún tẹ̀ ẹ́, títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Nígbà tí a délé tí a jókòó láti wo ohun tí a yà, àbíkẹ́yìn wa gba kámẹ́rà lọ́wọ́ wa, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní: “Dádì, ẹyẹ dà? Omi nìkan ni mo rí.”

Òótọ́ ni ọmọ sọ. Nínú fọ́tò kan, ìrù ẹyẹ nìkan ló kù. Nínú òmíràn, èjìká ọkùnrin tó dúró níwájú wa ni a yà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni a ti rí odidi ẹyẹ, òun náà sì fà gbọọrọ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ nu yíǹkì tí kò tíì gbẹ. A fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ wa tó kan bọ́tìnnì, a rántí ìtàn fọ́tò kan tí wọ́n yà láti orí ọkọ̀ ní òkun New Zealand, fọ́tò tó mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé tún ìwé wọn kọ. Ìtàn náà ni ó mú wa jókòó kọ èyí fún yín.

OHUN MẸ́TA LÓ Ń RÌN LẸ́Ẹ̀KAN NÁÀ

Onífọ́tò tó ń ya ìyàwó níbi ìgbéyàwó ní ọ̀nà àbáyọ. Bí ìyàwó bá paju dé, yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká tún un yà.” Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ òkun? Ẹyẹ ń fò, ọkọ̀ ń lọ, òkun fúnra rẹ̀ ń dìde, ó sì ń wálẹ̀. Ẹni tó mú kámẹ́rà dání wà láàárín ohun mẹ́ta tí kò sí èyí tó ń gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn. Ìgbì á gbé ọkọ̀ sókè, ẹyẹ á wọ ẹ̀yìn ìgbì. Kí ọkọ̀ tó wálẹ̀, ẹyẹ ti yọ níbòmíràn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ omi iyọ̀ sí i lójú, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ náà sì lè máa rú.

Kí ló dé tí ènìyàn fi ń fara da irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àwọn ẹyẹ kan wà tí ó ṣòro láti rí níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní albatross. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ń gbé ní àwọn òkun tútù ìhà gúúsù ayé. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó ọ̀tún dé ṣóńṣó òsì lè tó mítà 3.5. Kò sí ẹyẹ mìíràn tó wà láàyè lónìí tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí ìgbì ni ó ń gùn, ó sì lè rìn jìnnà gan-an láìju ìyẹ́ rẹ̀ rárá. Omi òkun ni ó ń mu. Ẹ̀yà ara kan wà lápá òkè ojú rẹ̀ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, omi iyọ̀ náà á sì máa kán jáde láti ihò imú rẹ̀. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í wá sí orí ilẹ̀ àfi nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, ní àwọn erékùṣù tó jìnnà réré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ lọ bá a.

Ìdí kejì ni ó ṣe pàtàkì jù lójú wa. Lójú òkun, ẹnu ènìyàn nìkan kò tó. Ẹyẹ kan lè fò kọjá kí ènìyàn tó ka ení dé ẹ̀wá. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún á ní dúdú ni, ẹni tó wà lápá òsì á ní ó ní funfun lábẹ́. Ta ni kí a gbà gbọ́? Ṣùgbọ́n bí fọ́tò bá wà, kódà bí kò tilẹ̀ dára, a lè gbé e síwájú ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Fọ́tò di ẹlẹ́rìí. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní New Zealand nìyẹn.

ẸYẸ MẸ́TA NÍNÚ ÀPÓTÍ

Ní ọdún 1827, ọkọ̀ àwọn ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Astrolabe wà ní etíkun New Zealand. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó wà nínú ọkọ̀ náà ń kó ewéko, ẹja àti ẹyẹ jọ láti gbé wọn padà sílé. Lára ohun tí wọ́n kó ni ẹyẹ kékeré kan: dúdú ní ẹ̀yìn, funfun ní ìdí, funfun ní ikùn, ṣùgbọ́n ikùn funfun náà ní ilà dúdú wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á. Méjì irú rẹ̀ wà ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Paris. Ọ̀kan tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́ta péré, gbogbo wọn ti kú, wọ́n ti gbẹ, wọ́n wà nínú àpótí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ju 100 ọdún lọ tí ẹnikẹ́ni kò mú òmíràn wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ń rò ó pé bóyá ẹyẹ mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ ni. Àwọn tó gbà pé ó jẹ́ ẹyẹ ọ̀tọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti parun. Bí a bá sọ pé ẹ̀dá kan ti parun, kò sí ẹni tí yóò náwó láti wá a mọ́, kò sí ẹni tí yóò dáàbò bo ibi tó ń sùn sí. Òkú ni, àwọn ènìyàn ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí irú ẹyẹ tó jẹ́. Wọ́n ń pe ìdílé rẹ̀ ní storm petrel. Ó kéré. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35. Kò wúwo tó ẹyin adìẹ kan. Síbẹ̀ ojúlalákàn òkun ni ilé rẹ̀. Bí ó bá ń wá oúnjẹ, á na ìyẹ́ rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ méjèèjì máa kan omi, á sì máa rìn tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ lórí ìgbì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ibẹ̀ ni orúkọ náà petrel ti wá: àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ rí i bó ṣe ń rìn lórí omi, wọ́n sì rántí àpọ́sítélì Pétérù.

ỌJỌ́ 25 OṢÙ KÌÍNÍ ỌDÚN 2003

Ní ọjọ́ yìí, ọkọ̀ àwọn olùfẹ́ ẹyẹ kan wà lójú òkun lẹ́bàá ìlú Whitianga, ní erékùṣù àríwá New Zealand. Lára àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni Sav Saville àti Brent Stephenson, àwọn tó máa ń mú àlejò lọ wo ẹyẹ. Láàárín àwọn ẹyẹ tí wọ́n mọ̀ dunjú, ọ̀kan yọ tí kò bá àwọn yòókù mu. Ìdí rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ sì ní ilà. Wọ́n yà á ní fọ́tò, ó sì lọ.

Ìgbà tí wọ́n padà sí orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n sì fi wé ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ẹyẹ mẹ́ta inú àpótí. Ilà inú ikùn bára mu. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tó wú wa lórí: wọn kò jáde lọ pariwo pé òkú ti jí. Nígbà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà jáde fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹyẹ náà. Ó ṣeé ṣe. Ìwọ̀nba tí ẹ̀rí wọn gbé ni wọ́n sọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn méjì mìíràn, Bob Flood àti Bryan Thomas, wọ ọkọ̀ lọ sí apá ibòmíràn nínú òkun náà, lẹ́bàá erékùṣù kan tí àwọn Māori ń pè ní Hauturu. Kì í ṣe ẹyọ kan ni àwọn rí; ẹyẹ náà ju mẹ́wàá lọ. Wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n tún yà wọ́n ní fídíò. Ọ̀rọ̀ wá kúrò ní “ó ṣeé ṣe.” Ẹyẹ tí wọ́n ti kà sí òkú wà láàyè, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Auckland, ìlú tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Nóà, ẹ ó rántí pé òun náà wà nínú ọkọ̀ lórí omi, tó ń retí ẹyẹ. Ewé ólífì kan ṣoṣo lẹ́nu àdàbà ni ó fi mọ̀ pé omi ti fà. Ewé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni. Bí fọ́tò Whitianga ti rí lójú wa nìyẹn.

BÍ WỌ́N TI Ń YA IRÚ FỌ́TÒ BẸ́Ẹ̀

Ó lè jẹ́ pé ọmọ yín kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín ní àǹfààní láti wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà a to ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe sí ìsàlẹ̀ yìí. Àwa náà ti dán díẹ̀ wò nínú rẹ̀ lórí ọ̀sà.

1. Ibi tí a ó dúró sí. Iwájú ọkọ̀ ni ó máa ń fò sókè tó sì ń wálẹ̀ jù. Àárín ọkọ̀ ni ó dúró jẹ́ẹ́ jù. Bí àyè bá wà, ẹ má gun òkè pátápátá. Bí ẹ bá sún mọ́ omi, ẹ ó máa wo ẹyẹ lójúkojú dípò kí ẹ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fọ́n omi sí yín lójú. Ìdí ọkọ̀ náà dára, nítorí pé àwọn ẹyẹ kan fẹ́ràn láti máa tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn.

2. Bí a ó ṣe dúró. Ẹ ya ẹsẹ̀ yín díẹ̀, kí ẹ sì rọ eékún yín, bí ọlọ́kadà tó ń kọjá lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò. Kí ẹsẹ̀ yín máa gba ìmì tí ọkọ̀ ń mì, kí apá yín dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má gbé kámẹ́rà tàbí ìgúnpá lé irin etí ọkọ̀. Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọkọ̀ ń gbọ̀n irin náà, gbígbọ̀n náà á sì wọnú fọ́tò. Nítorí ìdí kan náà, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn onífọ́tò ń gbé kámẹ́rà lé kì í wúlò púpọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń lọ.

3. Ìyára kámẹ́rà. Èyí ni àṣìṣe tiwa lọ́jọ́ náà. Kámẹ́rà máa ń ṣí ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, á sì tún pa á dé. Bí ó bá pẹ́ kó tó pa ojú dé, ẹyẹ á ti rìn kúrò níbi tó wà, fọ́tò á sì fà gbọọrọ. Lórí ọkọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú 1,600 tàbí ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 2,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni àyè tí ẹ fún ẹyẹ. Lẹ́ǹsì gígùn tó lè fa ohun òkèèrè mọ́ra, irú èyí tí wọ́n ń kọ 300 tàbí 400 sí lára, ni wọ́n sábà máa ń lò.

4. Ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bí eérú, kì í ṣe funfun, kì í ṣe dúdú. Bí ẹyẹ funfun bá wà lórí omi dúdú, kámẹ́rà á ro pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, gbogbo ìyẹ́ ẹyẹ á sì funfun bàláú bí aṣọ tí kò ní ọnà. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù nígbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹyẹ dúdú bá wà níwájú ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, ẹ fi kún un. Ilà inú ikùn ẹyẹ ni ó yanjú ọ̀rọ̀ ní Whitianga. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pa ilà náà rẹ́, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

5. Títẹ̀lé ẹyẹ. Ẹ má dúró kí ẹyẹ dé iwájú yín kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Láti òkèèrè ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ máa yí ara yín pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà mú un dáadáa, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Kí ẹ sì máa bá a lọ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ òkun kì í fò lásán. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn tó ń gun afẹ́fẹ́ máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ gòkè, wọn a yí, wọn a tún bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́bàá ìgbì, wọn a tún gòkè. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìtẹ bọ́tìnnì á mọ ibi tí yóò ti yí ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Àwọn tó ń wá petrel tún máa ń da ẹja lílọ̀ àti òróró ẹja sójú omi, nítorí pé àwọn ẹyẹ yìí mọ òórùn dáadáa. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń tọ òórùn náà bọ̀, wọ́n á sì máa fò lòdì sí afẹ́fẹ́.

6. Iyọ̀ òkun. Iyọ̀ ni ọ̀tá kámẹ́rà. Àpò ọ̀rá tí a lu ihò sí fún lẹ́ǹsì lè gba kámẹ́rà olówó gọbọi là. Ẹ má yọ lẹ́ǹsì láti pààrọ̀ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ òkun. Bí ẹ bá padà wọlé, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi tí kò níyọ̀, tí ẹ sì fún dáadáa, nu ara rẹ̀, kí ẹ tún fi èyí tó gbẹ nù ún. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà láti yàrá tó tutù bọ́ sí ìta tó gbóná, ìrì á bo lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ mọ́ ojú ọjọ́ lára.

7. Ara yín. Ọwọ́ kan fún kámẹ́rà, ọwọ́ kan fún ọkọ̀, nígbàkigbà tí ẹ bá ń rìn lórí ọkọ̀. Kò sí ẹyẹ tó tó kí ènìyàn bọ́ sínú òkun nítorí rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń mú inú rẹ̀ rú, kí ó bi oníṣègùn léèrè oògùn kí ó tó wọ ọkọ̀, nítorí pé bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà, kí ẹ wo ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun.

8. Àkọsílẹ̀. Ẹ rí i pé aago inú kámẹ́rà péye. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀. Fọ́tò tí kò ní ọjọ́ àti ibì kan dà bí ẹlẹ́rìí tó dé kóòtù tó sọ pé òun kò rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀RÍ NÁÀ BÍ

Ẹ̀yin ará, bí ẹnì kan bá jẹ́rìí pé ọmọ tí gbogbo ilé rò pé ó ti kú wà láàyè, ṣé orí ìjókòó ni ìdílé yóò wà? Wọn á dìde láti wá a ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní New Zealand. Ìbéèrè tó kàn ni pé: níbo ni ẹyẹ yìí ń yé ẹyin sí? Òkun kì í ṣe ìtẹ́. Bí a kò bá mọ ìtẹ́ rẹ̀, a kò lè mọ ohun tó lè pa á run.

Ní ọdún 2005, ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà fò wọ inú ọkọ̀ apẹja kan, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ láàyè. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé jáde lọ sójú òkun pẹ̀lú ìbọn kan tó ń yin àwọ̀n dípò ọta, wọ́n rọra mú àwọn ẹyẹ díẹ̀, wọ́n sì so ẹ̀rọ rédíò tíńtín mọ́ wọn lára. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ẹ̀rọ náà mú wọn dé ibi tí wọ́n ń wá: nínú igbó orí erékùṣù Hauturu, nínú ihò ilẹ̀, níbi tí ẹyẹ náà ń wá sí lóru nìkan.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tó yẹ kó mú wa ronú. Eku àti ológbò tí ènìyàn kó dé erékùṣù ni ọ̀tá àwọn ẹyẹ inú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tí kò wúwo tó ẹyin adìẹ kò lè bá wọn jà. Lórí Hauturu, wọ́n ti kó gbogbo ológbò kúrò ní ọdún 1980, wọ́n sì mú eku kúrò ní ọdún 2004. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kò mọ̀ pé ẹyẹ yìí wà níbẹ̀. Nítorí àwọn ẹ̀dá mìíràn ni wọ́n ṣe é. Àṣé wọ́n ń gba ẹni tí wọn kò mọ̀ là. Nísinsìnyí tí a ti mọ̀, ìdí tún pọ̀ sí i láti máa ṣọ́ erékùṣù náà, kí eku kan má tún bá ẹrù wọ ibẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni irú èyí ṣẹlẹ̀. Petrel mìíràn wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ petrel ti Beck. Méjì péré ni ọwọ́ tẹ̀, ní ọdún 1928 àti 1929, ní òkun agbègbè Papua New Guinea àti Solomon Islands. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ọdún 2007, Hadoram Shirihai lọ sí òkun náà, ó rí wọn, ó sì yà wọ́n ní fọ́tò. Àwòrán ni ó fi jẹ́rìí púpọ̀ jù nínú ohun tó rí. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kí a gba òun gbọ́ ní láti pa ẹyẹ kí ó tó lè fi hàn. Lónìí, ènìyàn lè jẹ́rìí sí ẹyẹ kí ẹyẹ náà sì máa fò lọ síbi tó ń lọ.

FỌ́TÒ ỌMỌ WA ŃKỌ́?

A kò pa á rẹ́. A wo fọ́tò tó fà gbọọrọ náà pẹ̀lú àbíkẹ́yìn wa, a ní kí ó sọ ohun tó rí. Ó ní: “Ẹnu rẹ̀ dúdú. Orí rẹ̀ dúdú díẹ̀. Ìrù rẹ̀ là sí méjì.” A wo ara wa. Ohun tí a pè ní fọ́tò tó bàjẹ́ ti sọ ohun mẹ́ta fún ọmọdé. Lára irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ tó ń já sínú omi ní etíkun wa, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń wá nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń padà síbẹ̀ láti yé ẹyin. Òkun kan náà ni, ẹyẹ kan náà ni, àwa ni a kò gbé ojú sókè.

Ọmọ náà mú pẹ́ńsù, ó kọ ọjọ́, wákàtí, àti “láàárín Ìkòròdú àti Èkó” sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí a tún wọ ọkọ̀, a yára kámẹ́rà sí i, a dúró sí àárín ọkọ̀, a rọ eékún wa, a sì kọ́kọ́ wo ẹyẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ fọ́tò náà ṣì jẹ́ omi. Ṣùgbọ́n nínú méjì, ẹyẹ wà níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú ẹja lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé fọ́tò tí kò mọ́ lójú wá bá yín, ẹ má yára sọ pé kò wúlò. Ẹ bi í pé: kí lo rí? Nígbà wo ni? Níbo ni? Ẹ kọ́ ọ láti sọ “ó ṣeé ṣe” níbi tí ẹ̀rí rẹ̀ bá dé “ó ṣeé ṣe,” kí ó sì padà lọ wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí àwọn tó wà lórí ọkọ̀ ní Whitianga bá ti wo ẹyẹ náà kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀, tàbí kí wọ́n pa fọ́tò náà rẹ́ nítorí pé kò rẹwà, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àwọn òkú dòní.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ gbé ojú sókè. Ẹni tí wọ́n ti kà sí òkú lè máa fi ẹsẹ̀ méjì rìn tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ lórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.